Bréésì àti iṣẹ́ abẹ àgbọ̀n: ìwé owó kan náà ni

Òbí ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tàbí àjà ẹnu tó là sábà máa ń béèrè pé: èwo ló dínwó, ká fi bréésì, irin àti wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín, to eyín rẹ̀ ni, àbí ká ṣe iṣẹ́ abẹ sí egungun àgbọ̀n? Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ó sọ nǹkan méjì tó jọ ń rìn di ọjà méjì tí wọ́n ń ná lórí àtẹ.

Àpá tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán àjà ẹnu kì í nà bí ẹran ara yòókù. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni àpá yìí lè máa dá àgbọ̀n òkè dúró, tí ti ìsàlẹ̀ sì ń bá tirẹ̀ lọ. Aráyé á ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló gùn jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti òkè ló rẹ̀yìn.

Bí àlàfo tó wà láàárín àgbọ̀n méjèèjì bá kéré, dókítà á fi bréésì tẹ eyín òkè síwájú, á tẹ ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n lè pàdé. Owó rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ mú wáyà le, fún nǹkan bí ọdún méjì. Bí àlàfo bá pọ̀, wọ́n á gé egungun àgbọ̀n òkè, wọ́n á gbé e síwájú, wọ́n á sì fi irin titanium àti skúrù kéékèèké dè é. Owó tibí kì í dúró de ẹnìkan: yàrá iṣẹ́ abẹ, akunnilóorun, ibùsùn, irin, àti àwọn ọ̀sẹ̀ tí èèyàn kò ní lè ṣiṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ ni pé iṣẹ́ abẹ náà kì í sábà ṣeé ṣe láìsí bréésì. Lọ́pọ̀ ìgbà, bréésì á ti wà lẹ́nu fún bí ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó gé egungun, á sì tún wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún wo iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń ba ìpàdé eyín jẹ́ sí i! Eyín tó ti dagun láti bo àlàfo egungun mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń dá padà sí ìdúró rẹ̀, kí àlàfo náà lè hàn gbangba.

Ó dà bí ilé tí ògiri rẹ̀ rì. Férémù wọ́, ilẹ̀kùn kò pa dé mọ́, ni káfíńtà bá fá ilẹ̀kùn títí ó fi bá férémù wíwọ́ mu. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà bá wá gbé ògiri dúró, ilẹ̀kùn tó ti ń pa dé á wá yọ àlàfo, onílé á tún pe káfíńtà, káfíńtà á sì bínú pé iṣẹ́ òun ni wọ́n bà jẹ́. Eyín sàn ju pákó lọ ní ti pé ó ṣeé dá padà. Owó tí wọ́n fi tì í lákọ̀ọ́kọ́ ni kò ṣeé dá padà.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà tó wọ́n jù lọ fi jẹ́ èyí tó kọ́kọ́ dà bí ẹ̀dínwó: kí wọ́n fi bréésì bo àlàfo ńlá fún ọmọ ọdún 12, kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tún wá gùn, kó di pé wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ ká ní ọdún 18 fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà tó ní "ẹ jẹ́ ká dúró kó dàgbà tán" kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń dá kún wàhálà yìí. Àpò kan ni ti ara, àpò mìíràn ni ti eyín. Wọ́n lè gbà láti san owó abẹ, kí wọ́n sì pe bréésì tí abẹ náà dúró lé lórí ní oge ṣíṣe.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kó wọ ìṣirò. Bí àgbọ̀n òkè bá lọ síwájú, ó lè fa àjà ẹnu tẹ̀ lé e, kí afẹ́fẹ́ máa gba imú jáde bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń ránmú tẹ́lẹ̀ lè wá ránmú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí ó ṣe máa sọ̀rọ̀, tàbí abẹ mìíràn ní ọ̀nà ọ̀fun.