Kí ni ham radio, báwo ló sì ṣe lè kọjá òkè ilẹ̀ Okun nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú?

Bí iná bá lọ ní Kabba tàbí Isanlu, níbí nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ọkàn ẹnikẹ́ni kì í já. Ó ti mọ́ wa lára. Ohun tó ń kó ìpayà báni ni ìgbà tí iná ti lọ wọ ọjọ́ kejì, tí fóònù wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sójú pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń jẹ iná. Tí iná ìjọba bá lọ, bátìrì rẹ̀ á gbé e fún wákàtí díẹ̀, ó ku ọwọ́ jẹnẹrétọ̀ àti dísù. Bí ọkọ̀ tó ń gbé dísù kò bá rọ́nà gbà, òpó á kú. Nígbà míì, iná lè wà lára òpó kí ìpè má sì lọ, torí katakátá tó ń la ọ̀nà ti já wáyà fáíbà tó wà nínú ilẹ̀. Wáyà tó já lókèèrè pàápàá ń dé ọ̀dọ̀ wa: ní March 14, 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báńkì sì dojú rú ní Nàìjíríà níbí.

Àwọn èèyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Rédíò ni wọ́n ń lò, ham radio ni wọ́n ń pè é, amateur radio ló sì ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba. Yàtọ̀ sí rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn, èyí ń gbọ́, ó sì ń fèsì. Kò nílò òpó, kò nílò síìmù, kò nílò dátà. Rédíò kan wà níbí, èkejì wà lọ́hùn-ún, kò sí iléeṣẹ́ kankan láàárín wọn. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀, oníṣẹ́ iná, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, bó bá ti yege ìdánwò tí ìjọba sì fún un láṣẹ. Olúkúlùkù ló ní orúkọ ìpè tirẹ̀, tí ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ jẹ́. Ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ṣòwò. Láti 1925 ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ní àjọ kan ní gbogbo ayé, ìyẹn IARU.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ wa á ti máa bi mí pé: òkè ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Òkè àpáta ló yí ìlú wa ká, láti Kabba títí dé ọ̀nà Egbe. Wókí-tókí kékeré tí àwọn onírédíò ń lò wà láàárín 144 sí 146 MHz (MHz ni iye mílíọ̀nù ìgbà tí ìgbì rédíò ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìgbì irú rẹ̀ sì máa ń lọ tààrà ni. Bí òkè bá dábùú ọ̀nà rẹ̀, ó tán. Ẹ lè fi í bára yín sọ̀rọ̀ láti ọjà dé ilé ìwòsàn nínú ìlú kan náà, kó ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn òkè kò ní gbọ́ nǹkan kan. A lè gbé ẹ̀rọ kan sórí òkè tí yóò máa gba ohùn tí yóò sì máa tún un sọ jáde, repeater ni wọ́n ń pè é. Ó dára, àmọ́ ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa gòkè lọ tún un ṣe, ó sì ń fẹ́ kí olè má jí bátìrì rẹ̀. Bí a bá gbára lé e nìkan, a ti padà sí ọ̀rọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ló bá ilẹ̀ wa mu jù lójú tèmi. NVIS ni àwọn onírédíò ń pè é. Dípò kí á darí ìgbì rédíò sí ìlú tí à ń bá sọ̀rọ̀, ojú ọ̀run gan-an ni a ó jù ú sí. Lókè réré, bíi 250 sí 400 kìlómítà sí ilẹ̀, ìpele kan wà tí ìtànṣán oòrùn ti sọ di ohun tó lè dá irú àwọn ìgbì kan padà. Ìgbì tó bá wà láàárín nǹkan bí 3 sí 8 MHz ló sábà máa ń padà bọ̀. Ti wókí-tókí yóò gba ibẹ̀ kọjá lọ pátápátá. Ronú nípa yàrá kan tí wọ́n fi pákó pín sí méjì, tí pákó náà kò kan àjà. Bí o bá ju bọ́ọ̀lù lu pákó, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò padà sí. Bí o bá jù ú lu àjà, ó lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lódì kejì. Òkè wa ni pákó yẹn.

Tí ìgbì náà bá sì ń padà bọ̀, ó máa ń tàn kálẹ̀ yí ẹni tó sọ̀rọ̀ ká dé nǹkan bí 300 kìlómítà. Láti Egbe sí Lokoja, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, jẹ́ bíi 140 kìlómítà. Gbogbo ilẹ̀ Okun, láti Yagba dé Bunu àti Oworo, wà nínú ìyẹn, Ìlọrin náà wà níbẹ̀, Àbújá náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rántí bí omi ṣe bo ọ̀nà Lokoja sí Koton Karfe ní 2012, tó tún bò ó ní 2022, á mọ̀ pé kò yẹ kí ìròyìn máa dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá rí ọ̀nà kọjá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bí ẹ̀ríálì rẹ̀ ṣe rọrùn tó. Wáyà lásán ni, irú èyí tí àwọn oníná fi ń ṣe wáríǹgì ilé. Fún 7.1 MHz, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 20, tí a ó gé sí ọgbọọgba láàárín, mítà 10 sápá ọ̀tún, mítà 10 sápá òsì, kí á so wáyà tó ń bọ̀ láti ara rédíò mọ́ àárín yẹn. Kò ní kí á gbé e ga fíofío. Mítà mẹ́rin sí márùn-ún tó, láti ara igi máńgòrò kan sí èkejì, torí pé bí kò bá ga jù báyìí ni ìgbì rẹ̀ ṣe ń lọ sókè dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta á sítòsí wáyà iná ìjọba, kódà bí iná kò bá sí níbẹ̀ fún oṣù kan, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa dá a padà. Bí òjò bá sì ti ń ṣú, ẹ já a kúrò lára rédíò.

Lọ́sàn-án, 7.0 sí 7.2 MHz ló sábà ń ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí agbára oòrùn ti dín kù lára ìpele òkè yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 3.5 sí 3.8. Ní ìgbà òjò, ariwo mànàmáná á máa ta pàrà pàrà lórí 3.5, kódà èyí tó ń kọ ní ibi tó jìnnà sí wa. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, rédíò kò bàjẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún un sọ.

Iná ńkọ́? Rédíò tó lè ṣe iṣẹ́ yìí ń lo iná bátìrì 12V. Tó bá ń gbọ́ lásán, nǹkan bí amp 1 ló ń fà. Tó bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbára 100W, ó lè fa 20. Ká ní bátìrì 100Ah la ní, tí a kò sì fẹ́ bà á jẹ́, ìdajì rẹ̀ la ó lò, ìyẹn 50. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan nínú mẹ́wàá, yóò gbé wa tó wákàtí 17. Bí a bá dín agbára kù sí 20W, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà á sì tún lọ. Sólà 100W kan, tí oòrùn bá mú, lè dá bíi amp 5 padà lọ́sàn-án. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bo ojú rẹ̀, ẹ nù ún.

Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa ló ti ní inverter báyìí, wọ́n á sì rò pé ara sọ́kẹ́ẹ̀tì inverter ni wọ́n máa ki rédíò sí. Rárá o. Inverter olówó pọ́ọ́kú máa ń pariwo sórí afẹ́fẹ́, ariwo tí etí kò gbọ́ ṣùgbọ́n tí rédíò ń gbọ́, tí yóò sì bo ohùn ẹni tó ń pè yín láti Mopa mọ́lẹ̀. Ara bátìrì gan-an ni kí ẹ so rédíò mọ́, kí ẹ sì pa inverter nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbọ́.

Irinṣẹ́ kọ́ ló le jù, èèyàn ni. Rédíò tó wà nínú páálí kò wúlò lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń pàdé lórí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ kan àti àkókò kan lọ́sẹ̀. Ẹnì kan á máa darí, yóò pe ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dáhùn, ẹni tó ní iṣẹ́ á jíṣẹ́, àwọn yòókù á dákẹ́. Net ni wọ́n ń pe ìpàdé yẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1933 ni wọ́n tún ti ń ya òpin ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú June, tí wọ́n ń gbé rédíò jáde sínú pápá, tí wọ́n ń fi jẹnẹrétọ̀, bátìrì àti sólà ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó máa bàjẹ́ kí ọjọ́ gidi tó dé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́. Ká ní ilé ìwòsàn kan ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó wà nídìí rédíò á kọ ọ́ sórí ìwé kó tó la ẹnu: ta ló rán an, sí ta, kí ni wọ́n ń fẹ́, mélòó, aago mélòó ni. Yóò kà á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó gbà á náà á kọ ọ́, á sì kà á padà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n tó gbà pé ó ti dé. Ní Ijumu nìkan, a ní Iyara, a ní Iyamoye, a ní Iyah-Gbedde. Bí mànàmáná bá bu ìdajì orúkọ jẹ, "Iya" nìkan lẹ máa gbọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: India, Yankee, Alpha, Romeo, Alpha. Iyara nìyẹn, kò sí àṣìgbọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọwọ́dilẹ̀ ni, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Andaman, lábẹ́ ìjọba Íńdíà. Ní December 2004, obìnrin onírédíò kan tó ń jẹ́ Bharathi Prasad kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Port Blair, kí wọ́n lè máa bá àwọn onírédíò àgbáyé sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ìgbádùn iṣẹ́ náà ló gbé wọn lọ. Ní December 26, tsunami dé, fóònù kú. Rédíò wọn wá di ọ̀nà tí àwọn ará ilẹ̀ ńlá fi ń gbọ́ ẹni tó wà láàyè. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrú: "Èmi wà láàyè, àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ mi." Òfin àgbáyé náà gbà á láyè: láti ìpàdé 2003 ti ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò lílo ìgbì rédíò, ni wọ́n ti kọ ọ́ pé onírédíò lè jíṣẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe onírédíò nígbà pàjáwìrì.

Mo fẹ́ sọ èyí gbangba, torí bí ààbò ṣe rí lágbègbè wa: ham radio kò sí fún àṣírí. Òfin kò gbà kí á fi kóòdù bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní rédíò ló lè gbọ́. Ẹ má sọ ibi tí àwọn fijilanté wà, ẹ má sọ ọ̀nà tí owó gbà, ẹ má dárúkọ aláìsàn. Ẹ má sì lọ ra wókí-tókí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ó lòdì sófin, ẹ lè bọ́ sórí ìgbì tí àwọn agbófinró ń lò, ẹni tí wọ́n bá sì ká rédíò mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lásìkò yìí yóò ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe.

Ẹgbẹ́ tó wà fún iṣẹ́ náà nílẹ̀ wa ni Nigerian Amateur Radio Society, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bèèrè nípa ìdánwò àti ìwé àṣẹ. Olùkọ́ físíìsì kan, ọmọ tó ń tún fóònù ṣe nínú ọjà, àti bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rédíò nínú ọlọ́pàá tàbí sójà kó tó fẹ̀yìn tì: bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ní irú àwọn mẹ́ta bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí àṣẹ tó dé, ẹ lè máa gbọ́. University of Twente ní Netherlands ní rédíò kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, WebSDR ni ẹ máa wá. Ẹ yí i sí 7.0 sí 7.2, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Ẹ fi etí sí 7.110 ní pàtàkì. IARU ti yà á sọ́tọ̀ pé ibẹ̀ ni kí àwọn onírédíò Áfíríkà àti Yúróòpù kóra jọ sí bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ti gba àṣẹ, tí ẹ sì gbọ́ pé iṣẹ́ pàjáwìrì ń lọ níbẹ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ mú bíírò, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń gbọ́, títí tí ẹni tó ń darí yóò fi béèrè bóyá ẹnì kan wà ní agbègbè yín.