Wọ́n Ní Antibody GAD65 Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Yín: Èló Ni?

Ìlẹ̀kùn dún gbàà lójijì, ara ẹnì kan le gbandi bí igi gbígbẹ, ó ṣubú lulẹ̀ láìlè nawọ́ gbá ara rẹ̀ mú. Wọ́n ní ojo ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní stiff person syndrome, àrùn tó máa ń mú kí iṣan ara le gbandi, ni wọ́n ti sọ fún pé ọkàn wọn ni kò balẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtifa ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú mílíọ̀nù kan ènìyàn, bí ẹnì kan tàbí méjì ló ń ní in. Ìgbà tí akọrin Céline Dion kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 pé òun ní in ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Èròjà kan wà nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, GABA, tó máa ń sọ fún iṣan pé ó tó, dẹ̀. Èròjà mìíràn, GAD65, ló ń bá wa ṣe GABA. Nínú ara aláìsàn yìí, àwọn antibody tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló kọjú sí GAD65, bí ajá tó ń bu olówó rẹ̀ jẹ. (Bóyá àwọn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́ àbí ẹ̀rí lásán ni wọ́n, àwa oníṣègùn ṣì ń jiyàn lé e.)

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á jáde pé antibody náà wà, onítọ̀hún á bú sẹ́kún. Ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé èló ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ló ní in, àwọn díẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe náà ní in, ṣùgbọ́n tiwọn kì í sábà pọ̀. Ti àrùn yìí máa ń ga fíofío; pẹ̀lú ELISA, ọ̀nà kan tí láàbù ń gbà wọn antibody, ó sábà máa ń ju 10,000 IU nínú mililítà kan lọ. Òṣùwọ̀n láàbù kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ẹ má fi wọ́n wéra.

Àwọn kan sì wà tó ní àrùn náà, tí àyẹ̀wò antibody GAD65 wọn ò fi nǹkan kan hàn. Bí ó bá jẹ́ antibody mìíràn, ti amphiphysin, ló jáde, mi ò ní jẹ́ kí onítọ̀hún lọ sílé láìṣètò àyẹ̀wò ọmú, torí ó sábà máa ń bá jẹjẹrẹ rìn.

Immunoglobulin, àkójọ antibody tí a fi ń tọ́jú àrùn yìí, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn la ti ń yọ ọ́, antibody GAD65 díẹ̀ sì lè bá a wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó fa immunoglobulin sí yín lára.

Bí a bá ti mọ àrùn náà tán, mi ò kì í tún àyẹ̀wò yẹn ṣe lóòrèkóòrè. Iye rẹ̀ kì í bá ìnira aláìsàn lọ sókè sódò. Bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń tẹ̀ ba ni mò ń wò.