Ṣílè Márùn-ún Tí Henchard Fi Lé E: Bí Ìbéèrè Ṣe Ń Wọn Òye Òǹkàwé

Ìwé ìtàn The Mayor of Casterbridge, tí Thomas Hardy gbé jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 1886, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí èèyàn kì í tètè gbàgbé. Michael Henchard, ẹni ọdún 21, mu ọtí yó ní ọjà ọdọọdún kan, ó sì ta Susan ìyàwó rẹ̀ tòun ti ọmọ ọwọ́ wọn fún Newson atukọ̀ ní gíní 5.

Èló ló tà wọ́n? Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó fẹ́ dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nìyẹn. Ó ní ìlò tirẹ̀, torí ó ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ẹni náà ṣí ìwé rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ọ̀rẹ́ á gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kà á dópin. Ìrántí ló ń wọ̀n.

Nínú ìbéèrè objective, àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí a bá bèèrè pé ta ni bàbá Elizabeth-Jane, ọmọbìnrin Susan tó ń gbé ní ìlú Casterbridge, orúkọ Henchard gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti Newson. Lẹ́yìn ikú Susan, Henchard sọ fún ọmọbìnrin náà pé òun ni bàbá rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló rí lẹ́tà tí Susan fi sílẹ̀: ọmọ tiwọn ti kú, ọmọ Newson ni èyí. Ẹni tó bá mú Henchard, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kó tó kan lẹ́tà yìí ló ti pa ìwé dé. Àṣìṣe rẹ̀ fi ibi tó kà dé hàn wá. Ẹni tó fara balẹ̀ tilẹ̀ ti ń fura ṣáájú, torí Henchard ti sọ ọ́ rí pé irun ọmọ náà ì bá dúdú ju báyìí lọ.

Ìbéèrè òye gidi máa ń mú ohun kékeré méjì tó jìnnà síra nínú ìwé, á wá ní kí òǹkàwé so wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ta Susan, Newson kó owó bébà pọ́n-ùn 5 kalẹ̀, ó sì ń ju ṣílè lé e lórí, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, tí ìró wọn ń dún. Nǹkan bí ọdún 18 lẹ́yìn náà, Susan wá Henchard dé Casterbridge, níbi tó ti di méyọ̀. Henchard kọ lẹ́tà sí i, ó fi pọ́n-ùn 5 sínú àpòòwé, ó wá dà bí ẹni rántí nǹkan, ó tún fi ṣílè 5 lé e.

Àgbàlagbà tó náwó ayé ọjọ́un ní Nàìjíríà á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Gíní kan jẹ́ ṣílè 21, pọ́n-ùn kan sì jẹ́ ṣílè 20, nítorí náà pọ́n-ùn 5 àti ṣílè 5 jẹ́ gíní 5 géérégé. Henchard ra ìyàwó rẹ̀ padà láìlanu. Ẹni tó ń gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ "gíní 5" sínú rẹ̀, torí ó ti dáhùn ọ̀ràn nìyẹn. Ó sì ní láti mọ ibi tó máa gé àyọkà náà sí, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Hardy fúnra rẹ̀ fi ẹnu kàn án.

Ìbéèrè aláròkọ ló le jù láti máàkì. Ṣé àyànmọ́ ló pa Henchard, àbí ìwà rẹ̀? Ó lọ bá woṣẹ́woṣẹ́ kan, èyí sọ pé òjò á ba ìkórè jẹ́, ó ra ọkà jọ rẹpẹtẹ. Oòrùn ràn, owó ọkà já wálẹ̀, ó tà á ní ẹ̀dínwó, ìgbà náà ni òjò tó dé. Òǹkàwé Yorùbá lè sọ pé orí rẹ̀ ni, kò sì sí aburú níbẹ̀, bí ó bá lè fọwọ́ tọ́ ibi tó ti rí i nínú ìwé. Máàkì tó pọ̀ jù yẹ ẹni tó rántí pé Farfrae, oníṣòwò ọkà tó ń bá Henchard díje, náà wà lábẹ́ ojú ọjọ́ kan náà: ó ra ọkà níwọ̀nba nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì jèrè.