Òwe nìkan kọ́ ni ohùn ẹ̀dá ìtàn

Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ dá yàtọ̀, òwe ló kọ́kọ́ máa ń sáré bá. Bàbá arúgbó á pa mẹ́ta kó tó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Agbádá àyálò nìyẹn: ó wọ́ nílẹ̀ lára ẹni gbogbo, kò sì bá ẹnikẹ́ni mu. Òwe tí pásítọ̀ pa, ọlọ́kadà náà lè pa á.

Nǹkan tí onítọ̀hún máa ń kọ́kọ́ rí, àti èyí tí kò lè pa mọ́ra, ló ń ya ẹnu kan sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta lọ béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ìyá aláta: "Èmi ò bínú o, ata ni ò ní dúró dè mí." Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì: "Ọjọ́ Àìkú la sọ ọ́, lẹ́yìn ìsìn. Léèsì aláwọ̀ ewé lẹ wọ̀." Agbèrò: "Owó dà?" Ẹ fọwọ́ bo orúkọ wọn, ẹ ṣì máa mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Láàárín 1929 sí 1930, ó ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde, obìnrin tó ti fi ìgbà ọmọge rẹ̀ jayé káàkiri Èkó kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, síbẹ̀ àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Kò sì yani lẹ́nu. Bí Sẹ̀gilọlá ṣe ń sunkún ìrònúpìwàdà ni yóò tún máa fi ẹwà rẹ̀ yangàn, tí yóò sì dá orin ìgboro sí i. Ẹni tó ń tọrọ àforíjì, tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì ń dùn lẹ́nu rẹ̀! Ta ni yóò rò pé bàbá olóòtú kan ló jókòó hùmọ̀ ìyẹn?

Irinṣẹ́ kan tún wà lọ́wọ́ wa tí ọ̀pọ̀ kì í lò: "o" àti "ẹ". Ìyàwó kan ti ń fi "ẹ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú ìwé kìíní. Lálẹ́ ọjọ́ kan: "Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ṣé ọbẹ̀ yẹn gbóná tó? Àbí o rò pé mi ò mọ ibi tí o ti ń bọ̀?" Kò sídìí láti kọ "ó fìbínú wí" sí i mọ́. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn kan. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òǹkàwé á kàn gbà pé bó ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn.