Ìlú tó ní kí wọ́n dúró ná: bí Kendall Square ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1976, èrò kún gbọ̀ngàn ìjọba ìlú Cambridge fọ́fọ́. Cambridge ti ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, kì í ṣe ti ìlú Ọba. Alfred Vellucci, méyọ̀ ìlú náà, ló pe ìpàdé. Yunifásítì Harvard fẹ́ ṣe yàrá ìwádìí kan tí wọn yóò ti máa gé DNA, ìyẹn ohun inú ara tó gbé àbùdá, lára ohun ẹlẹ́mìí kan, kí wọ́n sì so ó mọ́ ti òmíràn, ọ̀rọ̀ náà sì ti dẹ́rù ba ará ìlú. Bí kòkòrò tí wọ́n ṣẹ̀dá bá ti yàrá yẹn jáde ńkọ́? Vellucci kọjú sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní ará ìlú lásán ni òun àti ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀, àwọn kò gbọ́ ábídí wọn, kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún àwọn.

Ìpàdé yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ sí bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni Kendall Square ṣe di ohun tó dà lónìí. Adúgbò kékeré ni, nínú Cambridge yẹn kan náà. Èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín já kó má tíì rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n láyé kí ilé-iṣẹ́ báyótẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àwọn tó ń ti ara ohun ẹlẹ́mìí wá oògùn, pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá, wà níbẹ̀, owó sì wà. Òótọ́ ni pé MIT wà níbẹ̀, láti ọdún 1916 tó ti kó wá láti Boston. Ṣùgbọ́n nígbà tí Vellucci ń pe ìpàdé rẹ̀, MIT ti lo ọgọ́ta ọdún níbẹ̀, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì dá páropáro.

Ilẹ̀ yẹn kò dá páro láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ, súìtì àti rọ́bà ni wọ́n ń ṣe ládùúgbò náà nígbà kan, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ti ara Edward Kendall wá, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń rọ àwọn ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń hó omi fún ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìlú wá wó ilé, wọ́n tu àwọn oníṣòwò kúrò, kí NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìnàjò òfúrufú ní Amẹ́ríkà, lè rí ààyè kọ́ ibùdó ìwádìí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ sí. Ibùdó náà bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ní 1970, ìjọba Nixon ti tì í pa. Apá kan bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀, èyí tó kù di ilẹ̀ ṣófo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Láàárín àkókò yẹn, ìmọ̀ tuntun ti yọ lápá ibòmíràn. Ní 1973, Herbert Boyer àti Stanley Cohen ní California fi hàn pé wọ́n lè gbé DNA láti ara ohun kan sínú bakitéríà, kí bakitéríà náà sì máa bí i sí i. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n pàdé ní Asilomar, ní California yẹn náà, ní oṣù Kejì ọdún 1975 láti jíròrò ewu tó lè wà ńbẹ̀. Ọjọ́ tí Vellucci ṣe ìpàdé gan-an ni NIH, àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà, gbé ìlànà tirẹ̀ jáde, àmọ́ kìkì àwọn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ni ìlànà yẹn dè.

Ìgbìmọ̀ ìlú Cambridge ní kí wọ́n dá irú iṣẹ́ tó léwu jù nínú rẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì tún sún un síwájú. Ohun tí wọ́n ṣe láàárín ìgbà tí wọ́n fi dúró yẹn ló wú mi lórí jù. Wọn kò kó ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn kò sì kó o fún àwọn olóṣèlú. Ará ìlú ni wọ́n yàn: nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, sístà ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀, alága wọn sì jẹ́ oníṣòwò tó ń ta epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù. Wọ́n jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tó kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977, wọ́n ní kí iṣẹ́ náà máa lọ, ṣùgbọ́n kí ààbò rẹ̀ le ju èyí tí NIH ní kí wọ́n ṣe lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, ìgbìmọ̀ ìlú sọ ọ́ di òfin. Kò sí ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé òfin yẹn yóò lé àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ lọ. Òun gan-an ló fà wọ́n wá. Ẹni tó fẹ́ kó owó rẹpẹtẹ lé ilé àti ẹ̀rọ kò fẹ́ kí ará àdúgbò dìde lọ́la kí wọ́n ní kó palẹ̀ mọ́. Ní Cambridge, wọ́n ti jà á tán. Ohun tí o lè ṣe àti ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe wà lórí ìwé. Ilé-iṣẹ́ báyótẹ́ẹ̀kì Biogen, tí Walter Gilbert ti Harvard àti Phillip Sharp ti MIT wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Geneva ní 1978, wá ilẹ̀ wá sí Kendall Square. Ní 1981, ìlú fẹ òfin náà kó lè kan àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni pẹ̀lú, Biogen sì wọlé ní 1982. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Whitehead Institute, ilé ìwádìí kan, sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ka apá tó pọ̀ nínú àbùdá ọmọ ènìyàn lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi máa di 2002, Novartis, ilé-iṣẹ́ oògùn láti Switzerland, ń kéde pé olú ìwádìí òun ń bọ̀ ní Cambridge. Ilé-iṣẹ́ súìtì àtijọ́ kan ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n wọ̀.

Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ tí irú adúgbò bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò hàn lára ilé gogoro àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn tó bó ṣe hàn ní 700 Main Street. Ilé bíríkì àtijọ́ ni. Ní 1876, ibẹ̀ ni Watson, olùrànlọ́wọ́ Alexander Graham Bell tó ṣe tẹlifóònù, dúró sí tí òun àti Bell, tó wà ní Boston, fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Ibẹ̀ náà ni Edwin Land, ẹni tó ṣe kámẹ́rà Polaroid, ti ṣe ìwádìí. Láti 2013, LabCentral, tó ń fi yàrá ìwádìí háyà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ẹni méjì tó ní èrò oògùn kan lórí lè háyà tábìlì iṣẹ́ kan ṣoṣo. Fíríìsà tó ń tutù dé ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò ara ohun èlò, ìwé àṣẹ, àti ẹni tó ń fọ ìgò, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹni méjì yẹn ra gbogbo rẹ̀ fúnra wọn, owó wọn yóò tán kí wọ́n tó mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sì ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í ṣiṣẹ́, wọn yóò ká ẹrù wọn, wọn yóò sì rí iṣẹ́ míì lójú pópó kan náà.

Moderna, ilé-iṣẹ́ báyótẹ́ẹ̀kì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cambridge ní 2010, lo ọdún mẹ́wàá kó tó ní ọjà kankan láti tà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n parí ètò bí àjẹsára Kòrónà wọn yóò ṣe rí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, wọ́n gún ẹni àkọ́kọ́ ní Seattle.

Nǹkan tó dùn mí nípa Kendall Square ni owó ilé. Àwọn tó ń se ọṣẹ níbẹ̀ nígbà kan kò lè háyà yàrá kan níbẹ̀ lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké pàápàá ń kérora.

Okùn kan tún so adúgbò yẹn mọ́ ìlú Ẹdẹ. Pardis Sabeti, tó ń ṣiṣẹ́ ní Broad Institute, ilé ìwádìí àbùdá kan ní Kendall Square, àti Christian Happi, ọmọ Cameroon, ti jọ ń ṣèwádìí ibà Lassa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Happi ló darí ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá àrùn ní Yunifásítì Redeemer's. Nígbà tí àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà láti ara ọkùnrin ará Ítálì kan ní òpin oṣù Kejì ọdún 2020, kò sí pé à ń fi ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, kí a wá máa retí èsì. Ẹdẹ ni wọ́n gbé e lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé, èyí àkọ́kọ́ tó jáde láti ilẹ̀ Áfíríkà.