Ẹranko igbó àti ilẹ̀ àbàtà nínú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣáínà

Ìdáàbòbò ẹranko igbó àti ilẹ̀ àbàtà wà lára àwọn kókó tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, pàápàá ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbára dì fún gaokao, ìyẹn ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Ọmọ á ka ìtàn ẹranko tí ìran wọn fẹ́ẹ́ parẹ́, á kọ́ orúkọ wọn, á dáhùn ìbéèrè, á sì kọ lẹ́tà tàbí kí ó parí ìtàn tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Èdè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jókòó. Ẹranko ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Láti ọdún 2001 ni ìjọba Ṣáínà ti ní kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹta. Ìlànà ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, tí wọ́n gbé jáde ní ẹ̀dà 2017 tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 2020, pín ohun tí ọmọ yóò máa kà sí ọ̀nà mẹ́ta: ènìyàn àti ara rẹ̀, ènìyàn àti àwùjọ, ènìyàn àti ìṣẹ̀dá. Abẹ́ ẹ̀kẹta yìí ni panda, agùfọn, erin àti adágún omi bọ́ sí.

Ohun tó wà nínú ìwé kíkà

Ìwé tí ilé iṣẹ́ People's Education Press gbé jáde ní 2019 ya ẹ̀kọ́ odindi kan sọ́tọ̀ fún ẹranko igbó. Ẹni tó ń sọ ìtàn inú rẹ̀ gun orí òkè Changtang ní Tibet lọ wo àgbọ̀nrín. Irun àgbọ̀nrín Tibet fẹ́lẹ́ púpọ̀, ìborùn olówó iyebíye ni wọ́n fi ń hun, wọn kì í sì í rí irun náà gbà láìpa ẹran. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ olè fi pa wọ́n nípakúpa ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Nígbà tí ìjọba fi ẹ̀ṣọ́ sí i, iye wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, títí àjọ IUCN, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu, fi yọ wọ́n kúrò nínú ìpele ewu ní 2016, tó sì gbé wọn sí ti àwọn tó kàn súnmọ́ ewu.

Ìwé tó ṣáájú èyí dùn jù ú lọ. Ọmọbìnrin kan ló jókòó sórí ẹní tó ń fò. Ó dé Tibet, ó dé ọ̀dọ̀ erin ní Zimbabwe, ó wá balẹ̀ sínú igbó kìjikìji níbi tí ọ̀bọ kan ti ń fi ọ̀kùn ra ara kí ẹ̀fọn má baà jẹ ẹ́. Ti ọ̀kùn yìí kì í ṣe àròsọ o: oje ara rẹ̀ a máa lé ẹ̀fọn, àwọn ọ̀bọ kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà sì máa ń lò ó bẹ́ẹ̀ gan-an.

Gírámà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nínú ìwé àtijọ́ àti nínú tuntun, ni ti ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀dá kan lọ́wọ́lọ́wọ́ láìdárúkọ ẹni tó ń ṣe é: *are being hunted*, *is being destroyed*. Ẹranko ló bá a mu jù, torí àwọn ni wọ́n ń pa, igbó wọn ni wọ́n ń gé, ẹni tó ń pa tó sì ń gé kò sì sábà fara hàn. Ọmọ Ṣáínà mọ bí èdè tirẹ̀ ṣe ń sọ ọ́: á fi *zhèngzài* sọ pé ìṣe náà ń lọ lọ́wọ́, á fi *bèi* sọ pé wọ́n ń ṣe é sí ẹran náà ni, á wá gbé ọ̀rọ̀-ìṣe síbẹ̀ bó ṣe rí láì yí i padà. Yorùbá náà rọrùn: “wọ́n ń pa wọ́n,” *wọ́n* àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ẹnì kan pàtó. Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *be*, yọ lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan, kó sì gbé ẹ̀wù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbàgbé *being*.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dà wọ́n láàmú

Orúkọ ẹran ní Ṣáínà kì í yí padà nítorí iye, gẹ́gẹ́ bíi ti Yorùbá: erin kan, erin mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì ní *goose* àti *geese*, ṣùgbọ́n *deer* kan, *deer* ogún. Ó sì ní *species*, tó jẹ́ bákan náà bó jẹ́ ẹyọ kan tàbí ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ á yọ *s* ìdí rẹ̀, wọ́n á kọ *specie*, àṣìṣe tí kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà náà.

Ilẹ̀ àbàtà ní ti Ṣáínà ni *shīdì*: *shī* ni tútù, *dì* ni ilẹ̀. Nítorí náà *wetland* kò ṣòro rárá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni *swamp*, *marsh* àti *bog*. Igi ló wà ní ti àkọ́kọ́, koríko àti esùsú ló wà nínú ìkejì, ìkẹta sì jẹ́ ibi tí ewéko tó kú ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí omi rẹ̀ fi kan. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Ṣáínà, *zhǎozé* ló sábà máa ń dúró fún wọn, bí ẹni pé àbàtà, irà àti ẹrẹ̀ jẹ́ nǹkan kan náà.

*Crane* náà tún wà níbẹ̀. Ní Ṣáínà, *hè* ni ẹyẹ agùfọn, àmì ẹ̀mí gígùn látayébáyé. Ẹ̀rọ tó ń gbé irin àti búlọ́ọ̀kù sókè ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, *qǐzhòngjī*. Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn méjèèjì, ọmọ tó kọ́kọ́ bá a pàdé nínú ìtàn nípa iṣẹ́ ilé kíkọ́ á sì máa wá ẹyẹ kiri nínú ẹ̀.

Àwọn gbólóhùn kan wà tó jẹ́ pé láti inú èdè wọn ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ní Ṣáínà, wọ́n máa ń pe ilẹ̀ àbàtà ní “kíndìnrín ayé”, torí ó ń sẹ́ omi bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Igbó ni ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, ó sì yé ẹni tó bá kà á. Èyí tí kò lọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Xi Jinping, ààrẹ Ṣáínà, sọ ní 2005 nígbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìpínlẹ̀ Zhejiang: omi aláwọ̀ ewé àti òkè ewé ni òkè wúrà àti òkè fàdákà. Ìtumọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí ní Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ wúrà tàbí fàdákà rárá, “ohun ìní tí kò ṣeé díye lé” ló sọ. Ọmọ tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ náà níláti há ti ìjọba sórí. Bó bá fi ọgbọ́n ara rẹ̀ tú u, yóò yàtọ̀ sí èyí tí olùmáàkì mọ̀.

Nínú gaokao

Àádọ́jọ (150) máàkì ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Nínú bébà tuntun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò, kíkà gba 50, ìwé kíkọ gba 40, gbígbọ́ gba 30, lílo èdè náà gba 30. Ẹranko máa ń yọ lẹ́mìí ọdún kan sí òmíràn. Ní 2019, béárì funfun ti ìhà àríwá ayé ni wọ́n fi dán gírámà wò nínú bébà orílẹ̀-èdè kìn-ín-ní. Ní 2021, ọ̀kan nínú àwọn bébà náà gbé ìtàn ọmọ àgbánréré dúdú tí wọ́n bí ní ọgbà Port Lympne, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá. Ní 2022, ọgbà ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún panda ni: wọ́n fi àlàfo sílẹ̀, wọ́n kọ *cover* sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ á sì sọ ọ́ di *Covering*, torí ọgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ń ṣàpèjúwe. Máàkì kan àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹni tó mọ ohun gbogbo nípa panda tó kọ *Covered* ti pàdánù rẹ̀.

Èyí tó kan ilẹ̀ àbàtà jù wà nínú bébà tuntun kìn-ín-ní ti 2021, tí ìpínlẹ̀ méje lò. Àyọkà náà sọ̀rọ̀ nípa sítáńpù pẹ́pẹ́yẹ ti Amẹ́ríkà. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń tẹ̀ ìlú dó ti fa omi kúrò lórí ilẹ̀ àbàtà púpọ̀ níbẹ̀, ẹyẹ omi sì ń dín kù. Ní 1934, ìjọba ṣe òfin pé ọdẹ ẹyẹ omi tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 níláti ra sítáńpù kan lọ́dọọdún kó tó wọ igbó. Ding Darling, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, ló ya èyí àkọ́kọ́, dọ́là kan ni wọ́n sì ń tà á. Nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, nǹkan bíi sẹ́ǹtì 98 ni wọ́n ń fi ra ilẹ̀ àbàtà tàbí háyà rẹ̀ fún àwọn ẹyẹ.

Gẹ̀ẹ́sì àyọkà yìí kò le jù. Ohun tó le ni pé owó ọwọ́ ọdẹ ni wọ́n fi ń dáàbò bo ẹran. Ní Ṣáínà, ìbọn kì í ṣe ohun tí aráàlú lè fi ṣeré, òfin ẹranko igbó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989 sì fún ọdẹ ṣíṣe lọ́rùn. Ní oṣù kejì 2020, wọ́n tún fòfin de jíjẹ ẹranko igbó orí ilẹ̀. Lójú ọmọ tó dàgbà síbẹ̀, ọdẹ ni ọ̀tá inú ìtàn. Ó wá bá ọdẹ tó ń sanwó kí pẹ́pẹ́yẹ lè rí ibùgbé. Ẹni tó bá fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dáhùn dípò ohun tó wà nínú àyọkà á ṣìnà, ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sì wà fún nìyẹn.

Ní 2023, wọ́n mú ìtàn John Todd wá, onímọ̀ tó ń kó ewéko, kòkòrò tín-tìn-tín àti àwọn ẹ̀dá mìíràn pọ̀ kí wọ́n fọ omi ìdọ̀tí, bí ilẹ̀ àbàtà ṣe ń ṣe é láìsí ẹni tó rán an. Lára ibi tó ti ṣe iṣẹ́ náà ni àwọn odò ọlọ́wọ́ inú ìlú Fuzhou, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ṣáínà. Fuzhou ṣọ̀wọ́n nínú irú àyọkà báyìí. Marin ní California ló wà nínú ti 2024, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń tún ibùgbé ewéko àti ẹran ṣe.

Li Hua

Bó bá di ìwé kíkọ, ojú á yí padà sílé. “Kà á sí pé ìwọ ni Li Hua” ni ìbéèrè sábà máa ń sọ. Li Hua kò sí níbì kan. Orúkọ tí gbogbo ọmọ ń jẹ́ nínú ìdánwò ni, ó sì ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀rẹ́ òyìnbó rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìrí èsì gbà. Nínú iṣẹ́ ìdánrawò, òun ló ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wo ẹyẹ, tó ń bá akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ panda, tó ń kéde ọjọ́ gbígbá etí adágún. Nǹkan bí ọgọ́rin ọ̀rọ̀ ni lẹ́tà náà, máàkì 15.

Ìyókù máàkì, 25, wà fún ìtàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ yóò parí ní nǹkan bí àádọ́jọ ọ̀rọ̀. Zhejiang ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù kẹwàá 2016. Ní oṣù kẹfà 2017, ìkookò kan ló lé ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Alaska, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ sọ bó ṣe bọ́. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹran igbó kì í ṣe ẹni tí à ń dáàbò bò mọ́.

Ilẹ̀ àbàtà gan-an

Ọdún 1992 ni Ṣáínà wọ àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ àbàtà, ó sì fi ibi mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lára wọn ni Zhalong ní Heilongjiang, ilé agùfọn orí pupa, àti adágún Poyang ní Jiangxi, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú agùfọn funfun Siberia ti ń lo ìgbà òtútù. Òfin ilẹ̀ àbàtà ti orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2022, Wuhan sì gba ìpàdé kẹrìnlá àdéhùn Ramsar lálejò ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Odò Yangtze ló ní ìtàn tó dunni jù. Wọ́n wá baiji, dolphin inú odò náà, kiri ní 2006, wọn kò rí ẹyọ kan. Ìbátan rẹ̀ tí kò ní lẹbẹ lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní *jiāngtún*, ẹlẹ́dẹ̀ odò, ṣì wà: 1,012 ni wọ́n kà ní 2017. Láti oṣù kìíní 2021 ni wọ́n ti fòfin de ẹja pípa nínú odò náà fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n sì tún kà ní 2022, iye náà ti di 1,249.

Àwọn ibi tí ọmọ lè ti fojú ara rẹ̀ rí i kò wọ́n. Xixi wà ní Hangzhou láti 2005, ó sì jẹ́ ọgbà ilẹ̀ àbàtà ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́. Mai Po wà ní Hong Kong, níbi tí WWF, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, ti ń bójú tó o láti 1983. Àkókò ni kì í bára mu. Ọjọ́ ilẹ̀ àbàtà lágbàáyé, 2 oṣù kejì, sábà máa ń bọ́ sínú ìsinmi ọdún tuntun wọn. Ọ̀sẹ̀ ìfẹ́ ẹyẹ, tí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, máa ń wáyé láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, nígbà tí gaokao bá ku oṣù kan tàbí méjì. Ọ̀sán ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni wọ́n ń ṣe bébà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà yẹn, agùfọn funfun ti kúrò ní Poyang, wọ́n ti wà ní ìhà àríwá Siberia, wọ́n ń sàba lórí ẹyin.