Wíwá iṣẹ́ ìwádìí PhD àti sikọ́láṣíìpù ní yunifásítì ìlú Ọba

Ní UK, tí àwa ń pè ní ìlú Ọba, ọ̀nà méjì lèèyàn fi ń rí iṣẹ́ ìwádìí PhD ṣe, ọ̀pọ̀ sì máa ń pò ó pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ti ní iṣẹ́ nílẹ̀, ó ti rówó ẹ̀ gbà, ẹni tó máa bá a ṣe é ló kù tó ń wá, èyí ló pọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà. Ìkejì, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa fúnra ẹ̀ kọ pròpósà (àlàyé ohun tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí), á wá sùpáfáísọ̀ (ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa darí ẹ̀) tó nífẹ̀ẹ́ sí i, á tún wáwó, bó ṣe rí nìyẹn ní ẹ̀ka ìtàn, òfin àti lítíréṣọ̀. Ẹni tó kọ pròpósà gbọọrọ ránṣẹ́ sí iṣẹ́ tí wọ́n ti polówó, àfi kó máa retí, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Orí ìkànnì FindAPhD àti jobs.ac.uk ni wọ́n ti sábà máa ń polówó àwọn iṣẹ́ PhD tó ti lówó nílẹ̀, àti wẹ́ẹ̀bù yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á rí àkọlé iṣẹ́, orúkọ sùpáfáísọ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa tì í, àti ibi tí wọ́n kọ ẹni tí owó náà wà fún sí. Ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà, torí tí wọ́n bá kọ "home students only" (ọmọ onílẹ̀ nìkan), kò kan ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ilé, bí iṣẹ́ náà ti wù kó bá a mu tó.

UKRI (UK Research and Innovation), àjọ tó ń pín owó ìwádìí, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, ni ìjọba ìlú Ọba ń gbà náwó lórí ìwádìí jù. Láti 2021 ni àwọn ará òkè òkun ti láǹfààní sí owó PhD ẹ̀, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ ju 30% lọ nínú àwọn tí wọ́n bá gbà. Owó ìgbọ́bùkátà tó kéré jù fún 2025/26 jẹ́ £20,780 lọ́dún, wọn ò sì yọ owó orí níbẹ̀. Owó sukúù tí UKRI ń san, ti ọmọ onílẹ̀ ni, ìyàtọ̀ tó bá kù nínú ti ará òkè òkun, yunifásítì ló máa ń gbé e.

Commonwealth Scholarship, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1959, ń sanwó sukúù, owó oúnjẹ àti ọkọ̀ òfuurufú. Ní Nàìjíríà, Federal Scholarship Board lèèyàn lè gbà débẹ̀. Chevening (1983) kì í ṣe fún PhD o, másítàs ọdún kan ni, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì. Àwọn méjèèjì ò gba kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù. PTDF (Petroleum Technology Development Fund), tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, náà ti rán ọ̀pọ̀ èèyàn lọ kàwé lórí epo rọ̀bì àti gáàsì.

Ọ̀rọ̀ fíísà ò gbẹ́yìn: láti January 2024, ẹni tó ń ṣe másítàs oníkíláàsì (èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, tí kì í ṣe ti ìwádìí) ò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àmọ́ ẹni tó ń ṣe PhD ṣì lè mú wọn lọ.